Mo Fẹ́ Ta Ilé-Arìnnà Mi Lórí Ayélujára, Ẹbí Ní Ilé Àwọn Ni

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bí ẹni tí ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹní. Àgbàlá ilé mi ní Ọ̀yọ́ ti ṣófo báyìí. Ibi tí ọkọ̀ ńlá mi gúnlẹ̀ sí láti ọjọ́ pípẹ́, koríko ti hù níbẹ̀, àwọn adìyẹ aládùúgbò sì ti sọ ọ́ di pápá ìṣeré. Àwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láti kàwé ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà sì ṣì ń jò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ṣé mo ta ọjà mi, n ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mo tà á. Bí ó bá tún bi mí pé ṣé mo rí ohun tí mo tìtorí rẹ̀ tà á, ẹ̀rín ni n ó kọ́kọ́ rín, nítorí àwọn àgbà ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ìgbà agbára mi ṣe. Èdè Yorùbá ni mo kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀yọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni agbo ilé wa wà. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àyálò kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi bí mo bá lè wá ti ìbílẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí àkọ́bí mi tí ó wà ní òkè òkun fi ọkọ̀ gbàǹgbà kan ránṣẹ́ sí mi gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìfẹ̀yìntì, ọkọ̀ tí ó ní ibùsùn méjì, ilé ìdáná, balùwẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù àti àwo tí ń fi oòrùn ṣe iná mànàmáná lórí òrùlé, àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní mọ́tò oníbẹ́ẹ̀dì. Èmi ní rárá. Mo jókòó, mo ronú, mo sì sọ ọ́ ní ilé-arìnnà. Ọmọ mi ní kí n máa fi í rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá nínú ìgbádùn. Ìrìn wo? Ó gùn, ó ga, ó sì ń mu epo bí ẹni tó ti aginjù dé. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ni ó mọ̀ títí mo fi tà á.

Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Káyọ̀dé, ọmọ mi kejì, ń gbé ní agbo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú Bọ́láńlé ìyàwó rẹ̀. Àwọn méjèèjì wá kí mi ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì mú Ìyá Àgbà dání, àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tí gbogbo ẹbí wa ń tẹ́tí sí nísinsìnyí nítorí òun ló dàgbà jù nínú wa. Oyún Bọ́láńlé ti wọ oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ara òun le. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà, mo ní kí gbogbo wa wọ ilé-arìnnà kí aboyún lè rí ibi na ara sí. Káyọ̀dé ń wa ọkọ̀, èmi jókòó tì í. A kò tíì rí Ògbómọ̀ṣọ́ sójú tí Ìyá Àgbà fi ké sí wa láti ẹ̀yìn pé kí a dúró. A gúnlẹ̀ sí ẹ̀bá oko ẹ̀gẹ́ kan. Kí agbẹ̀bí tí a ránṣẹ́ pè tó dé, ọmọkùnrin làǹtì-lanti kan ti délé ayé lórí ibùsùn tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ọwọ́ Ìyá Àgbà ló sì bọ́ sí.

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Ìyá Àgbà ní orúkọ ọmọ yìí kò la àròyé lọ, ọmọ tí a bá bí sójú ọ̀nà, Abíọ́nà ni. Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kí n dákẹ́ kí n jẹ oyin temi? N kò dákẹ́. Mo dìde, mo ká apá agbádá sí èjìká, mo sì là á yé wọn pé ọ̀nà ni ibi tí ènìyàn ń gbà kọjá, ṣùgbọ́n ibi tí ó ní ibùsùn, ààrò, ìlẹ̀kùn àti fèrèsé, tí a sì ti se ọbẹ̀ jẹ nínú rẹ̀, ilé ni. Nítorí náà, ilé ni wọ́n bí ọmọ-ọmọ mi sí. Ìyá Àgbà wá bi mí léèrè.

"Ilé ta ni, Àkànbí?"

Mo dáhùn láìfọ̀tún pe òsì pé ilé wa ni, ilé gbogbo ẹbí, tí ọmọ náà pàápàá yóò jogún. Mo sì sọ ọ́ ní Ilésanmí. Omi, iyọ̀ àti oyin wà níwájú wa, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ohun tí a bá sọ lójú wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo jókòó bí akọni tó ti ogun bọ̀. Ta ló lè sọ fún mi nígbà náà pé èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹnu ara mi so ara mi mọ́lẹ̀?

Òjò tó tẹ̀lé e ló jí mi. Ó rọ̀ wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń ka ìwé mi, ó sì ba púpọ̀ jẹ́ nínú wọn. Ní ọjọ́ kejì, mo bá ọmọbìnrin kan, tí ìyá rẹ̀ ń tajà ní ọjà Akẹ̀sán, tí ó ń sá ojú ewé ìwé ìtàn sí oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń sá ègé iṣu fún èlùbọ́. Ó ní kí n má bínú, òun kò tíì ka ìparí rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo bojú wo ilé-arìnnà tí ó gba gbogbo àgbàlá, tí kì í lọ síbì kankan, mo sì pinnu pé n ó tà á, n ó sì kọ́ yàrá ìkàwé tí kò jò sí ibi tí ó gúnlẹ̀ sí. Mo pe ọmọ mi ní òkè òkun. Ó ní tiyín ni, Bàbá, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi ṣe.

Alágbàtà kankan kò sí níbẹ̀. Èmi fúnra mi ya àwòrán rẹ̀, mo kọ ìpolówó rẹ̀ ní Yorùbá tó dán bí ojú awò, mo sì gbé e sí ojú-ìpàtẹ, ìyẹn ọjà orí ayélujára tí ẹnikẹ́ni ti lè ta ohun tó bá ní. Mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé-arìnnà aláfẹ́ kan wà fún títà, ilé tí kò mọ ìjà onílẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò rí ewúrẹ́ aládùúgbò mi tí ó nà gbalaja sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nínú àwòrán. Ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ wọlé ni pé ṣé tòun ti ewúrẹ́ ni. Ẹnìkan ní òun fẹ́ fi ṣe ilé ìgẹrun. Òmíràn ní òun ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ti dẹnu kọlẹ̀, kí a jọ ṣe pàṣípààrọ̀. Oníwàásù kan ní kí n fi ta iṣẹ́ Olúwa lọ́rẹ, Ọlọ́run yóò san án fún mi. Àwọn tó pọ̀ jù kò tilẹ̀ kí mi kí wọ́n tó béèrè pé èló ni jálẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Alhája kan dé. Ẹ̀wà àti iṣu ló ń kó láti òkè Ọya wá sí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé àlejò ojú ọ̀nà sì ti sú u. Ó ní ìdun ibẹ̀ ti mọ òun lórúkọ. Ó wọ inú ilé-arìnnà, ó ṣí gbogbo àpótí ara ògiri, ó tan ààrò, ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn, ó sì pa ojú dé títí mo fi rò pé oorun ti gbé e lọ. Nígbà tí ó dìde, ojú rẹ̀ ń dán.

"Bàbá, ọkàn mi ti rà á," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ilé ni. Èmi kì í ra ilé láìrí ẹbí tó ni ín. Mo ti rà á bẹ́ẹ̀ rí, ilé ẹjọ́ ni mo bá ara mi."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo júwe agbo ilé wa fún un, kí ó lè mọ̀ pé ọmọ ilé rere ni mí. Ìgbéraga nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mi dún, Ìyá Àgbà ni.

"Àkànbí, obìnrin kan jókòó sọ́dọ̀ wa níbí. Ó ní òun wá kí àwọn tó ni ilé tí o ń tà. A ti fún un lómi. Máa bọ̀."

Nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ẹbí ti pé sábẹ́ igi máńgòrò, Alhája sì wà láàárín wọn bí ìyàwó tuntun, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ìyá Àgbà kò bínú. Ì bá sàn kí ó bínú. Ó kàn bi mí lọ́nà pẹ̀lẹ́ pé ìgbà wo ni ènìyàn kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilé ẹbí. Èmi olùkọ́ èdè, mo tú àlàyé sílẹ̀, láti orí yàrá ìkàwé tí mo fẹ́ fi owó rẹ̀ kọ́. Mo ní ọkọ̀ ni, ó ní ẹ́ńjìnì, ó ní nọ́ńbà, ó ní táyà.

"Nígbà tí o ń sọ ọmọ lórúkọ," ni Ìyá Àgbà wí, "ṣé táyà rẹ̀ ti yọ ni?"

Ẹ̀rín pa gbogbo agbo ilé. Alhája pàápàá fi ìborùn bo ẹnu. Mo dúró bí ẹni tí òjò pa. Alhája ní kí a má bínú sí òun, owó òun kò gbọdọ̀ ra ẹjọ́, bí ẹbí kò bá fohùn ṣọ̀kan, òun ń lọ. Mo rí yàrá ìkàwé mi tí ó ń bá a lọ. Ni mo bá sọ ohun tí n kò rò pé n ó sọ láéláé. Mo ní mo ti ṣàṣìṣe, mo gbà pé ojú ọ̀nà ni wọ́n bí ọmọ sí, kí a máa pè é ní Abíọ́nà láti òní lọ. Bí ọmọ bá jẹ́ Abíọ́nà, ilé kò sí níbẹ̀ mọ́, mo sì lè ta ọkọ̀ mi.

Ẹnu ya gbogbo wọn. Àmọ́ Bọ́láńlé, tí kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà bá wà, kúnlẹ̀ tòun ti ọmọ lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá pe Ilésanmí, ó ń yíjú sí mi. Bí ẹ bá gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí mọ́tò, kí ni n ó sọ fún un nígbà tó bá dàgbà?"

Mo lè fi ipò bàbá ọkọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ náà yọ orí láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó ń wò mí, itọ́ ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n èdè mi tán. Mo ní kí ọmọ máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo ní ilé ni, ilé ẹbí ni, mo jáwọ́. Mo sọ fún Alhája pé kí ó máa lọ ní àlàáfíà.

Ìyá Àgbà ní kí Alhája jókòó. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí èmi ti gbà pé ilé ẹbí ni, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹbí, ẹbí sì lè ta ilé wọn bí wọ́n bá fẹnu kò. Ó bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tọkùnrin tobìnrin. Wọ́n ní àwọn gbà, kí wọ́n sì kọ́ yàrá ìkàwé mi, wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó rẹ̀ jẹun. Inú mi dùn dé góńgó. Àfi ìgbà tí ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un pé owó ilé ẹbí, ilẹ̀ ẹbí ni wọ́n fi ń kọ́lé lé. Ẹ̀yìn igi máńgòrò yẹn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni yàrá ìkàwé yóò wà. Alhája sanwó níṣojú gbogbo wa, gbogbo ẹbí fọwọ́ sí ìwé títà, ó sì wa ilé-arìnnà lọ. Mo gbọ́ pé ó ń sùn dáadáa ní òkè Ọya.

Yàrá ìkàwé ti parí báyìí. Ó fẹ̀, ó tutù, òrùlé rẹ̀ kò jò rárá. Àwọn ọmọ agbo ilé wa ti ń bi Káyọ̀dé pé ìgbà wo ni ìwé ń bọ̀, Ìyá Àgbà sì ti ní kí wọ́n gbá yàrá bàbá mi mọ́ fún mi, ó ní ẹni tó ni ìwé kò gbọdọ̀ jìnnà sí ìwé. Mo ti di ìwé mi sínú àpótí. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ àná, àwọn ọmọ àdúgbò mi ní Ọ̀yọ́ dé, wọ́n rí àpótí. Ọmọ oníṣòwò Akẹ̀sán yẹn kàn jókòó lórí ọ̀kan nínú wọn, ó ń kàwé.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n tẹ̀lé ìwé mi lọ sí ilé tí èmi fúnra mi fi ẹnu kọ́, tàbí kí n tú àpótí, kí n dúró ti àwọn tí mo tìtorí wọn ta ilé-arìnnà? Ìwé ṣe é pín sí méjì. Èmi ńkọ́? Ẹ tètè dá mi lóhùn o. Òjò ti ń ṣú.