Omi Mẹ́kà Tí Mo Dà Sínú Mọ́tò

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́, torí wọ́n fẹ́ kí n dìde láàárín èrò, kí n jẹ́rìí sí ohun tí mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Láfẹ́nwá ni mo fẹ́ ọkọ sí. Ìyá ọkọ mi ń ta aṣọ. Ọkọ mi ní mọ́tò Dátísùn kan tó ń kẹ́ bí ẹyin ojú, ó sì ń kọ́ mi ní mọ́tò wíwà. Inú ìyá ọkọ mi ò dùn sí i rárá. Wọ́n á ní, “Ìyàwó, àbí o fẹ́ máa kó èrò lọ sí Ìtòkú ni?”

Láràárọ̀, èmi ni mò ń yẹ mọ́tò wò: ọ́ìlì, omi rédíétọ̀, àti omi inú ike kékeré tó máa ń tú sára gíláàsì iwájú kí wáípà tó nù ún. Ọkọ mi ní ìdọ̀tí omi kànga lè dí ihò rẹ̀. Omi òjò ni mo máa ń sẹ́ fún un, inú kẹ́ẹ̀gì funfun kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀ sí.

Lọ́dún yẹn, ìyá ọkọ mi lọ sí Mẹ́kà, wọ́n di Àlájà. Wọ́n gbé omi Sámúsámù bọ̀, omi mímọ́ tí wọ́n máa ń pín fún ẹbí láti fi ṣàdúà. Inú kẹ́ẹ̀gì funfun ló wà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà ni wọ́n gbé e sí. Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí mò ń lọ?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a fẹ́ lọ kí àbúrò ọkọ mi obìnrin ní Papalanto. Ìbàdí-àrán ni mò ń pè é, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò tíì bímọ, torí tirẹ̀ gan-an ni Àlájà sì ṣe gbé omi yẹn bọ̀. Ọyẹ́ mú, eruku bo mọ́tò. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ike ti gbẹ. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo dà á sí i títí ó fi kún. Mo fi ìyókù fọ gíláàsì ẹ̀yìn. Mo tiẹ̀ ń kọrin.

Ìgbà tí mo padà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo rí kẹ́ẹ̀gì omi òjò mi, kò dín rárá. Àṣé omi Mẹ́kà ni mo ti dà tán! Àlájà pè láti inú yàrá, “Ìyàwó, bá mi gbé omi mi sínú mọ́tò o!” Ẹ jọ̀ọ́, ká ní mo sọ̀rọ̀, mọ́tò kíkọ́ mi ti parí nìyẹn. Mo da omi òjò sínú kẹ́ẹ̀gì Mẹ́kà, mo sì gbé e.

Nígbà tí a dé ibi tí eruku ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà, ọkọ mi tẹ omi sára gíláàsì. Mo wí lábẹ́nu pé, “Bísímílà.” Ó tún tẹ̀ ẹ́. Àlájà ní, “Ha, gíláàsì yìí mọ́ lónìí o!” Mo fi ìborùn bo ẹnu. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló fẹ́ pa mí tàbí ẹkún.

Ní Papalanto, Àlájà ní àwọn ti mu tiwọn ní Mẹ́kà, àwọn ò ní mu nínú èyí, kí ó lè kárí àwọn tí kò lọ. Ìbàdí-àrán kúnlẹ̀, ó mu omi òjò mi pẹ̀lú omijé lójú. Gbogbo wa tẹ́wọ́ àdúà. Mi ò gbàdúà báyẹn rí. Mo bẹ Ọlọ́run kó má tìtorí tèmi dí ọ̀nà rẹ̀.

Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, ó ti bí ọmọbìnrin. Inú mi dùn débi pé mo jó títí bàtà mi fi já! Rámọ́tà lorúkọ ọmọ, ṣùgbọ́n Sámúsámù ni gbogbo ilé ń pè é.

Ó ti ka Kùránì parí ní ilé kéú báyìí, wòlímọ̀ tí a ó fi ṣayẹyẹ rẹ̀ sì ti dé tán. Èmi ni n ó wa Àlájà lọ, torí wọn kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn wà wọ́n mọ́. Wọ́n ní èmi ni n ó sọ ìtàn omi náà fún èrò. “Ìwọ lo gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn, ìyàwó mi. Ta ló tún mọ̀ ọ́n tó ẹ?”

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n ba ayọ̀ wọn jẹ́, àbí kí n parọ́ lójú àwọn àáfà? Tí mo bá ní omi tí a gbàdúà sí ni, tí Ọlọ́run sì gbọ́, ṣé irọ́ nìyẹn? Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run, ẹ sì tètè dá mi lóhùn. Lánàá ni Rámọ́tà fẹ̀yìn tì mí, ó ní, “Màmá Láfẹ́nwá, báwo ni omi yẹn ṣe rí lẹ́nu?” Yàtọ̀ sí Àlájà, mọ́tò nìkan ló tọ́ omi Mẹ́kà náà wò nínú ilé wa.