Aró Tí Mo Fi Kun Ìkarahun Mẹ́ta

Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ti wà nínú mi, mi ò sì lè gbé e wọ sàréè. Ọláoyè ni orúkọ mi, Ìgàndó ni mo ń gbé. Dókítà tó ń tọ́jú mi sọ pé ọkàn mi ti wú, pé kí n má ṣe gun àtẹ̀gùn, kí n má ṣe bínú, kí n má sì ṣe bẹ̀rù. Mo dá a lóhùn pé mo lè fi àtẹ̀gùn àti ìbínú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rù ni mi ò lè ṣèlérí. Láràárọ̀, bí agogo méje bá ti ń sún mọ́, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já, nítorí agogo méje ni Báyọ̀dé máa ń pè mí lórí fóònù. Báyọ̀dé ti kú. Èmi ni mo fà á, ẹlòmíràn ni mo sì jẹ́ kó ru ẹ̀bi náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láì wá àwáwí kankan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé irú iṣẹ́ tí mo ṣe wà láyé. Mi ò kọ́ ọ ní yunifásítì. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo fi kọ́ ọ. Mo ń kà á lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, mo sì ń kọ ìdáhùn mi sí ẹ̀yìn bébà tí àwọn ẹlòmíràn ti jù nù, nítorí mo kórìíra ìfiṣòfò. Nínú òkun, àwọn ẹ̀dá kan wà tó kéré ju ẹyọ iyọ̀ lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbé nínú ìkarahun tirẹ̀. Bí wọ́n bá kú, ìkarahun wọn á rì sí ìsàlẹ̀ òkun, ẹrẹ̀ á bò wọ́n, nígbà tó bá pẹ́ títí, ẹrẹ̀ náà á di àpáta. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ràn omi tútù, àwọn kan kò lè gbé àyàfi nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìran kan á kú tán, òmíràn á rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fọ àpáta náà, tó ṣa ìkarahun inú rẹ̀, tó sì fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ wọ́n wò, yóò mọ ìgbà tí òkun àtijọ́ gbóná àti ìgbà tó tutù, yóò sì mọ ìpele tí àpáta náà ti wá. Àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tí irin wọn dé nínú ilẹ̀.

Ilé àyẹ̀wò wa wà létí ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá sí Ìdímù, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táìlì. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Dókítà Ọláṣùmbọ̀ ló ni ín, obìnrin tí kì í pariwo. Hàbíbátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń fọ àpáta. Èmi ni mo ń ṣa ìkarahun, tí mo sì ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Òfin kan wà nínú iṣẹ́ fífọ̀ tí a kì í rú. Bí a bá fọ àpáta kan tán, a gbọ́dọ̀ ki asẹ́ bọ aró búlúù kí a tó fi fọ òmíràn. Ìkarahun tó bá há sójú asẹ́ á di búlúù. Bó bá wá já bọ́ sínú àpáta tó tẹ̀ lé e, àwọ̀ rẹ̀ á fi hàn pé àlejò ni. Onílé ni funfun, àlejò ni búlúù.

Lóṣù tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, aró ti kù sí ìdajì ìgò. Mo rí i bí Hàbíbátù ṣe ń dà á, inú mi kò dùn. Mo gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, mo ní kó máa fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi fọ asẹ́, pé ẹni tó bá mọ asẹ́ fọ̀ kò nílò aró. Ó béèrè bóyá Dókítà kò ní bínú. Mo ní ọ̀rọ̀ Dókítà kò kàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bọ̀dá Ọláoyè, ẹ̀yin lẹ mọ̀ jàre."

Báyọ̀dé ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga epo kan lójú omi, àpáta ibẹ̀ la sì ń yẹ̀ wò. Ayọ̀bọ̀ ni ilé rẹ̀, òun nìkan sì ni ìyá rẹ̀ bí. Bí agogo bá ti lu méje, á pè. "Bàbá Oníkarahun, ẹ káàárọ̀ sà. Kí ni àwọn ọmọ yín wí lónìí?" Èmi tí kì í bá ènìyàn ṣeré, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ yìí, ìpele kan wà tó bo gáàsì mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára tó pọ̀. Kí irin tó kàn án, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró, kí wọ́n fi páìpù líle ṣe ògiri kànga náà. Ohun tó máa ń sọ fún wa pé ìpele náà kò jìnnà mọ́ ni ìkarahun kékeré kan tó ká bí ìgbín. A máa ń pè é ní Aṣọ́nà.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, Hàbíbátù fọ àpáta kànga àtijọ́ kan ní àárọ̀, Aṣọ́nà sì kún inú rẹ̀ bí iyanrìn. Lẹ́yìn náà ló fi asẹ́ kan náà fọ ti Báyọ̀dé. Lọ́sàn-án, mo rí Aṣọ́nà mẹ́ta nínú ti Báyọ̀dé. Funfun ni wọ́n, ṣùgbọ́n kí ni wọn ì bá tún jẹ́, nígbà tí a kò lo aró? Ṣé onílé ni wọ́n ni, àbí àlejò? Ọ̀nà kan ló wà láti mọ̀ ọ́n: kí n ki asẹ́ bọ aró, kí n sì fọ ìyókù àpáta náà. Ìyẹn á gbà wá di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Dókítà á sì béèrè ìdí rẹ̀. Mo wò wọ́n títí ojú fi ń ro mí. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kó wọn sínú ìgò kékeré kan, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí Aṣọ́nà. Ní agogo méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù dún.

"Bàbá Oníkarahun, kí ni àwọn ọmọ yín wí? Ṣé ká máa lọ?"

Mo ní, "Ẹ máa lọ."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gáàsì ti bú jáde, iná ti sọ. Àwọn méjì bẹ́ sínú omi, wọ́n yè é. Báyọ̀dé kò yè é.

Dókítà sọ fún wa pé àwọn tó ń wádìí ìjàǹbá náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè láti wo gbogbo ohun tí a ṣà. Lọ́jọ́ Jímọ̀, Hàbíbátù lọ kírun. Ohùn lèmọ́mù ń gba ojú fèrèsé wọlé bí mo ṣe ṣí dúrọ́ọ̀. Mo kán aró sórí ìkarahun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo dúró títí wọ́n fi mu ún, mo tò wọ́n sójú páálí tí a máa ń to ìkarahun sí. Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìgò aró lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìfọ-nǹkan, bíi pé kò kúrò níbẹ̀ rí. Nígbà tí Hàbíbátù dé, ó bá mi nídìí ìwé tí mò ń kọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀kan nínú àwọn àlejò wa wo inú awò, ó ní búlúù ni, pé àlejò ni wọ́n, pé ẹni tó ṣà wọ́n kò ṣì í, asẹ́ tó dọ̀tí ló ba àyẹ̀wò náà jẹ́. Hàbíbátù kúnlẹ̀, ó ní a kò lo aró láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, pé inú dúrọ́ọ̀ mi ni ìgò náà wà. Dókítà wò mí. Mo kàn na ọwọ́ sí ìgò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọ-nǹkan. Wọ́n ní kí Hàbíbátù fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó gbé orí sókè, kò sí ìbínú lójú rẹ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù. Ó rọra sọ pé, "Bóyá mo lò ó, mo gbàgbé ni." Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló burú jù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dókítà rán mi lọ kí ìyá Báyọ̀dé ní Ayọ̀bọ̀. Hàbíbátù gbọ́, ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kóun tẹ̀ lé mi. Mo gbà, nítorí mi ò rí irọ́ tí mo lè fi kọ̀. Búlọ́ọ̀kù tí Báyọ̀dé fẹ́ fi parí ilé wọn ṣì wà níwájú ìta. Hàbíbátù kúnlẹ̀ sórí iyanrìn, ó ní, "Mọ́mì, èmi ni mi ò fọ asẹ́ dáadáa." Ìyá náà fà á dìde, ó ní, "Dìde, ọmọ mi. O ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀yin ni Bàbá Oníkarahun? Báyọ̀dé máa ń sọ̀rọ̀ yín. Ó ní ẹ kì í ṣì í sọ. Ẹ bá wa gbàdúrà." Mo dìde, mo gbàdúrà. Àwọn méjèèjì ń ṣe àmín.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún ara mi pé bóyá àlejò ni ìkarahun mẹ́ta yẹn lóòótọ́. Ìyẹn ni mo fi ń rí oorun sùn. Lóṣù tó kọjá, mo pàdé Hàbíbátù níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì BRT ní Abúlé Ẹ̀gbá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó béèrè àlàáfíà mi, ó bá mi gbé àpò oògùn mi. Bí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣe dé, ó ní, "Bọ̀dá, mo ṣì ń fọ asẹ́ yẹn lójú oorun." Ó wọlé, ó lọ.

Èmi kì í da nǹkan nù. Ìyókù àpáta Báyọ̀dé wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, mo ra asẹ́ tuntun, mo rì í sínú aró, mo sì fọ ìdajì àpáta náà nínú báfù mi. Lọ́jọ́ kejì tó gbẹ, mo gbé awò ti ara mi kalẹ̀. Aṣọ́nà mọ́kànlá ni mo rí. Gbogbo wọn ló funfun báláú.

Hàbíbátù, asẹ́ rẹ kọ́. Èmi ni. Ìyá Báyọ̀dé, ọmọ yín béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ mi, mo sì fi í sínú iná nítorí ìdajì ìgò aró. Èmi tí mo kórìíra ìfiṣòfò, mo fi ènìyàn ṣòfò. Mo bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tètè dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sídìí awò lónìí, bí ohun tí ẹ rí kò bá dá yín lójú, ẹ tún un fọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú yín. Mo ti kọ ìwé yìí ní ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan fún Hàbíbátù, ọ̀kan fún ìyá Báyọ̀dé, ọ̀kan fún Dókítà Ọláṣùmbọ̀, pẹ̀lú agolo náà. Ìdajì àpáta inú rẹ̀ ni mo fọ̀. Mo fi ìdajì sílẹ̀ kí Dókítà fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kó má baà sí ẹni tí yóò tún ní láti gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́.