Omi Gbígbóná Ni Mo Fi Po Oògùn Àbúrò Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ jókòó. Àbúrò mi, ìwọ náà má lọ. Ọ̀rọ̀ tìrẹ gan-an ni. Ara mi ti sọ fún mi pé ó ti tán, n ò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru ló ń pa òròmọdìẹ ní oko adìẹ tí àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ nígbà kan. Àbúrò mi ló wá oògùn sí i. Ó ń gún àwọn àgbébọ̀ ní abẹ́rẹ́ tí òkú kòkòrò náà wà nínú rẹ̀, kí ara wọn lè pèsè ohun tí yóò bá a jà. Ohun yẹn a wọ inú pupa ẹyin wọn. Àbúrò mi yóò sá pupa ẹyin náà gbẹ, yóò lọ̀ ọ́ kúnná, àwọn òròmọdìẹ a sì mu ún nínú omi. Èmi ni mo ń pò ó. Ó kìlọ̀ fún mi títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ bó: "Ẹ̀gbọ́n mi, omi tútù ni o! Bí ooru bá kàn án, agbára rẹ̀ tán nìyẹn."

Ṣùgbọ́n ó ń dì kókó nínú omi tútù. Mo ní kí ni ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn fẹ́ kọ́ mi? Èmi olórí kunkun! Mo da omi gbígbóná inú kẹ́tù lé e lórí, ó yọ́ kíá, mo tún ń kọrin.

Òkú òròmọdìẹ kún ilẹ̀. Ọ̀gá ń pariwo: "Oògùn ayédèrú!" Àbúrò mi wò mí lójú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé omi tútù lẹ fi pò ó?" Mo ní, "Omi tútù ni," mo tún fi orí ìyá wa búra. Ó gbà mí gbọ́. Yéè, ó gbà mí gbọ́!

Èyí tó burú jù nìyí. Ọ̀gá ní kí wọ́n pa gbogbo àgbébọ̀ tó ń yé ẹyin oògùn. Àbúrò mi kúnlẹ̀, ó ń sunkún: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Èmi ọ̀dájú, mo ní, "Ọ̀gá, mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kò lè ṣiṣẹ́." Èmi náà ni mo di àwọn adìẹ mú tí wọ́n fi dú wọn. Wọ́n lé e lọ. Aṣọ rírán ló fi ń jẹun títí dòní.

Láàárọ̀ yìí, ó gbé tíì wá fún mi. Mo nawọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó tutù ná, Ẹ̀gbọ́n mi, kó má bó yín lẹ́nu." Ó ń fẹ́ ẹ sí tútù fún mi. Ojú tì mí débi pé n ò lè mu ún.

Oògùn rẹ dára, àbúrò mi. Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ lọ sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó pè é ní onírọ́. Forí jì mí. Bí o kò bá lè forí jì mí, o jàre. Ṣùgbọ́n wò mí lójú bíi ti ọjọ́ náà, kí o tún bi mí ní ìbéèrè yẹn.