Ọjọ́ Tí Lámídì Dúró Níwájú Ọkọ̀ Mi

Nígbà tí egungun mi ṣì le, tí mo máa ń fi ẹsẹ̀ kan fò gun ẹ́ńjìnnì kó tó dúró dáadáa… Táófíkì, má rẹ́rìn-ín. Ìbàdí yìí ò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Ní Port Harcourt yìí, tí mo bá ti fọn fèrè ọkọ̀ ní Elelenwo, àwọn tó ń ta bọ̀ọ̀lì á ti mọ̀ pé Ràṣídì ló ń bọ̀. Ẹ gbọ́, mi ò fi yangàn o. Àbí mo fi yangàn díẹ̀. Mo mọṣẹ́ náà ni.

Ìwọ náà ti wá di ọmọ rélùwéè báyìí, igbákejì awakọ̀ lórí ọkọ̀ tó ń lọ sí Aba. O ní òfin ìrìnnà tuntun máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la, pé gbogbo ẹ̀ ti wà nínú fóònù. Ó dáa. Jókòó. Ẹ̀yin yòókù, ẹ sún mọ́ ibí.

Láyé ìgbà yẹn, ọ̀nà irin kan ṣoṣo ló lọ láti Elelenwo dé Oyigbo. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń bá lọ, òun náà ló ń bá bọ̀. Kí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó láṣẹ láti wọ̀ ọ́? Òrùka ni. Òrùka ńlá, ó fẹ̀ tó ẹnu agbọ̀n, wọ́n so àpò awọ mọ́ ọn, irin kékeré kan wà nínú àpò náà. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Tí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, bó o jẹ́ ọmọ ọba, ìwọ àti ọkọ̀ rẹ ẹ ó jọ máa wo ara yín ní sítéṣọ̀n ni.

Àwọn tó ń tún ojú irin ṣe náà ń lò ó. Gáǹgì là ń pè wọ́n. Tí wọ́n bá fẹ́ tú irin, ọ̀gá wọn á lọ gba òrùka ní sítéṣọ̀n láàárọ̀, á gbé e kọ́rùn. Ó parí, ọkọ̀ kankan ò lè wá. Òfin ní kí wọ́n tún ri àsíá pupa mọ́lẹ̀ lókèèrè, àmọ́ ta ló ń ri àsíá? Ẹni tó ti ilẹ̀kùn, tó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ṣé ó tún ń fi àga dí i ni?

Bọ̀ọ̀dá Lámídì ni ọ̀gá gáǹgì ọ̀nà Oyigbo. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi. Òun ló mú mi wọ iṣẹ́ yìí, òun ló bá mi tọrọ ìyá yín àgbà. Èèyàn pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohùn bí ààrá. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé, "Tí òrùka yìí bá ti wà lọ́rùn mi, ẹ máa sùn lórí irin." Wọ́n sì ń sùn lóòótọ́! Wọ́n á jẹun ọ̀sán tán, wọ́n á fi irin ṣe ìrọ̀rí.

Nígbà tó yá, fóònù alágbèéká dé. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń ti òrùka mọ́ ní sítéṣọ̀n ti kú, kò sẹ́ni tó lè tún un ṣe mọ́. Ni wọ́n bá fi fóònù rọ́pò ẹ̀, wọ́n fi òrùka kọ́ ara ìṣó. Ọ̀gá sítéṣọ̀n Elelenwo á pe ti Oyigbo: ṣé ọ̀nà ṣófo? Ó ṣófo. Ó tán, máa lọ. Wọ́n kó àwa awakọ̀ jọ, wọ́n fún wa ní mínírà àti mít-páì, wọ́n ṣàlàyé. Mo fẹ́ràn ẹ̀, kí n má purọ́. Ọ̀nà kan ò wọjà. Mi ò sí lára àwọn àgbà tó ń ní àtijọ́ ló dáa jù. Àtijọ́ wo? Àtijọ́ tá a máa ń dúró de òrùka títí ebi á fi fẹ́ lu èrò pa?

Àmọ́ ẹ gbọ́ o… ta ló pe gáǹgì sí ìpàdé yẹn? Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Wọ́n ní òfin awakọ̀ ò kan àwọn tó ń di ṣọ́bìrì mú.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, ó di àárọ̀ ọjọ́ kan. Bọ̀ọ̀dá Lámídì lọ sí sítéṣọ̀n Oyigbo bó ṣe máa ń lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ ò tíì dé. Gádì tó ń ṣọ́ sítéṣọ̀n ló yọ òrùka lára ìṣó fún un, ó ní, "Baba, carry your thing." Ó gbé e, ó lọ tú irin. Nígbà tí ọ̀gá dé, kò wo ìṣó. Kí ló tún fẹ́ wò níbẹ̀? Elelenwo pè é, ó ní ọ̀nà ṣófo. Ọ̀gá Elelenwo yọrí lójú fèrèsé: "Alhaji! Line clear! Dey go!"

Mo lọ. Èrò ọjà Aba kún inú ọkọ̀. A yọ ní kọ́nà kan báyìí, Chidi igbákejì mi ké: "Oga! People dey road!"

Mo fọn fèrè. Àwọn ọmọ gáǹgì gbójú sókè, wọ́n… wọ́n ń rẹ́rìn-ín! Ẹnì kan tiẹ̀ juwọ́ sí mi. Wọn ò gbà pé ọkọ̀ náà máa dé ọ̀dọ̀ àwọn. Báwo ló ṣe fẹ́ dé? Ṣebí òrùka wà lọ́rùn ọ̀gá wọn. Bẹ́ẹ̀ irin kan ti ṣí kúrò lẹ́yìn wọn níbẹ̀. Mo fi gbogbo ara tẹ búrékì. Ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tó ń kérò ní Mgbuoba, kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Irin ń han, èrò ń pariwo, Chidi ń pe Jésù, èmi ń pe Ọlọ́run.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sá wọgbó. Gbogbo wọn, àfi Bọ̀ọ̀dá Lámídì. Ó dúró sáàrin ojú irin, ó yọ òrùka lọ́rùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè sí mi, bí ẹni pé òfin lè dá irin dúró. Mo rí ojú ẹ̀. Kò bẹ̀rù rárá, inú ló ń bí i. Ẹni tó mú mi wọṣẹ́… èmi ni mo sì fẹ́ pa á.

Ọkọ̀ dúró. Ká ní mo nawọ́ láti iwájú ẹ́ńjìnnì ni, ǹ bá fọwọ́ kan òrùka yẹn.

"Ràṣídì! Ta ló fún ẹ lọ́nà?"

"Wọ́n fún mi lọ́nà, bọ̀ọ̀dá. Fóònù ni wọ́n pè."

"Òrùka wà lọ́wọ́ mi, ò ń sọ fóònù?"

"Wọn ò lo òrùka mọ́, bọ̀ọ̀dá."

"Láti ìgbà wo?"

Mo sọ fún un. Ó wo òrùka, ó wò mí. Ló bá jókòó sórí irin, ohùn ààrá yẹn ti lọ. Ó ní, "Ràṣídì, wọ́n yí òfin padà, wọ́n sì fi wá sílẹ̀ sínú ti àná." Mo sunkún lójú èrò. Ẹ gbọ́, kò tì mí lójú.

Ṣé èmi ni mo ṣẹ̀ ni? Rárá. Òun ńkọ́? Òun náà kọ́. Àwa méjèèjì la pa òfin mọ́, tá a sì fẹ́ẹ̀ para wa.

Mi ò dúró de ọ̀gá kankan. Ọjọ́ tí mi ò níṣẹ́, èmi àti ẹ̀ gun trólì gáǹgì, ọmọlanke kékeré tó ń yí lórí irin, a ń bá ojú irin lọ títí dé Aba. Gbogbo gáǹgì tá a bá bá, a sọ fún wọn, ọ̀gá wọn á sì fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ padà fún wa ká tó kúrò. Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pè mí, ó fara ya: "Who send you?" Mo ní, "Sir, na the people wey I for kill send me." Láti ìgbà yẹn, wọn ò ṣèpàdé awakọ̀ mọ́ láìpe gáǹgì.

Bọ̀ọ̀dá Lámídì ti kú. Orí ẹní ẹ̀ ló kú sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó darúgbó kùjọ́kùjọ́, àwọn ọmọ yí i ká. Alihamudulilahi.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ọwọ́ yín yá jù. Ẹ ó fi í sórí Wasáàpù, ẹ ó ní gbogbo ayé ti gbọ́. Gbogbo ayé wo? Táófíkì, àwọn tó ń ro koríko ojú irin lọ́nà Oyigbo, kí lorúkọ ọ̀gá wọn?… O ò mọ̀? Hùn. Dìde níbẹ̀, ọmọ mi. Lọ wá a kàn lónìí, kí ọkọ̀ rẹ tó gbéra lọ́la.