Orin Pé, Àmì Ò Sí

Rárá, má wulẹ̀ dìde, Nehemiah, jókòó síbi tí o wà yẹn. Àgbàlagbà tó fi ẹsẹ̀ rìn láti Lasunwon wá sí ẹsíteètì yín lówùúrọ̀ Sátidé kò wá jà, ó wá dúpẹ́ ni. Mo wá dúpẹ́ iṣẹ́ ńlá tí o bá mi ṣe. O ní orin mi pé, mo sì kà wọ́n, wọ́n pé. Ẹgbẹ̀rin orin ó lé méjìlá ni mo ní nínú ètò àtijọ́ inú kọ̀ǹpútà mi, ẹgbẹ̀rin ó lé méjìlá náà ló wà nínú ètò tuntun tí o gbé wọlé fún mi, ẹyọ kan kò sọnù lójú ọ̀nà. Orúkọ wọn nìkan ni kò bá wọn wá. Èkíní ń jẹ́ nọ́ńbà kan, èkejì ń jẹ́ nọ́ńbà méjì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò lọ bíi àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Orúkọ lọ, àmì lọ, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ. O kú iṣẹ́.

Susannah, o ṣé, ìyàwó wa. Gbé omi náà padà, ọ̀fun mi kò gbẹ. Ọkọ rẹ ni mo bá wá.

Ìwọ tí o kàwé, tí o ń wọkọ̀ lọ sí Èkó lójoojúmọ́ láti lọ máa tún kọ̀ǹpútà ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, ìwọ ni mo gbójú lé. Mo ní ọmọ Ìlàjẹ tí bàbá rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù la ọ̀sà já láìjẹ́ kí abẹ́rẹ́ kan bọ́ sómi, ṣé kíkó orin láti inú ètò kan bọ́ sí òmíràn nínú kọ̀ǹpútà kan náà ni yóò wá ṣòro fún un? Mùnírátù ìyàwó mi ní kí n rọra, kí n jẹ́ kí o kọ́kọ́ kó mẹ́wàá ká wò ó. Mo ní kó lọ jókòó, mo ní kò mọ iyì ọ̀mọ̀wé. Láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ń bi mí pé báwo ni ọ̀mọ̀wé mi.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí o kó dànù fún ọ, torí ó jọ pé o kò mọ̀ ọ́n. Àwo orin tiwa kì í ṣe irú ti ẹ̀yin ọmọ òde òní tó máa ń parí kí ènìyàn tó jókòó. Ìbáà ṣe àpàlà, ìbáà ṣe fújì, ojú kan àwo lè lọ tó ogún ìṣẹ́jú láìdúró, olórin á máa ki ẹnì kan bọ́ sórí ẹlòmíràn, gbogbo ẹni tó bá ti fún un lówó lọ́dún náà ló máa dárúkọ. Ẹni tó bá ń fi àwo ṣiṣẹ́ lóde ìnáwó ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ níbí gbọ́dọ̀ mọ ibi tí orúkọ onínàáwó wà nínú àwo, kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ gan-an, kó sì mọ ibi tó ti máa dá a dúró kí olórin tó kan ọ̀tá onínàáwó. Iṣẹ́ nìyẹn. Gbogbo èyí tó kù, ariwo sípíkà ni.

Ètò àtijọ́ yẹn, èyí tí o ní ó ti gbó, pé ó ń gan, òun ló gbà mí láyè kí n fi àmì pupa sáàárín orin, kí n kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà. Mo sì kọ ọ́. "Ibí ni wọ́n ti ki ilé ọlọ́kọ̀." "Má lo èyí fún àwọn ará Imota yẹn, òun ni wọ́n fi sin ìyá wọn." "Dúró níbí, èébú ló kàn." Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́, ìka kan ni mo fi kọ ọ́, ìka yìí. Ṣé o mọ ọmọ ọdún mélòó ni mo jẹ́ kí n tó mọ a yàtọ̀ sí b? Mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Ara páálí àwo ni mo ti kọ́ ọ. Mo ti mọ olórin, mo ti mọ orin, mo bá ń fi ìka tẹ̀lé lẹ́tà títí ó fi bá ohun tí mo mọ̀ mu.

Ìwọ wá gbé ètò tuntun dé, tó ń dán yinrin. O jókòó ní pálọ̀ mi lọ́sàn-án Sọ́ńdè, o jẹ ìrẹsì Mùnírátù, o kó orin, o pa ètò àtijọ́ rẹ́ kí àyè lè gbà, o nu ẹnu, o ní, "Bàbá, ó ti parí." Òótọ́ lo sọ. Ó parí.

Nígbà tí mo sì rí i pé orúkọ ò sí, ṣé n kò pè ọ́ lórí fóònù? O ní kí n fọkàn balẹ̀, pé bí wọ́n ṣe tò tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n tò, kí n máa tẹ ibi tí mo ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́ràn. Èmi Fábíyìí, tí wọ́n ní mo lágídí, mo gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu.

Ni mo bá gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní Ọjọ́bọ̀. Alàájì Sàlàkọ́ ń ṣílé. O kò mọ̀ ọ́n, kò burú. Ọdún mọ́kànlá lòun àti Àbúdù fi wà ní kóòtù lórí ilẹ̀ kan létí omi, Sàlàkọ́ jàre, orí ilẹ̀ yẹn náà ló sì kọ́lé yìí sí. Àwo kan ṣoṣo ló wà láyé yìí tí wọ́n ti ki bàbá Sàlàkọ́. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni pé ilé méjèèjì ni olórin yẹn gbowó lọ́wọ́ wọn, àwọn Àbúdù ló sì kọ́kọ́ kì. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi àmì sí i. Kò níye ìgbà tí mo ti fo Àbúdù kọjá nínú àwo yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Sàlàkọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agbádá funfun, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ààfáà ti ṣàdúà tán. Ó wo apá ọ̀dọ̀ mi, ó mi orí. Mo tẹ ibi tí mo ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Olórin la ohùn: "Àbúdù, ìwọ la mọ̀, ìwọ lo ni etí omi." Nínú sípíkà mẹ́rin. Mo ń wá ibi tí mo máa fi dá a dúró, ètò tuntun rẹ ti gbé e lọ sí igun tí n kò mọ̀, olórin ń bá a lọ, ó ki ìyá Àbúdù, ó ki ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun. Sàlàkọ́ fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Kò pariwo, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó rọra rìn wá bá mi, ó ní, "Fábíyìí, ìgbà wo nìwọ àti Àbúdù ti ń bára yín sọ̀rọ̀?" Ilé náà ṣì wà ní títì di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Ó ní òun kò wọ ilé tí wọ́n fi orúkọ Àbúdù ṣí.

Kí lo wí? Wàá bá mi lọ bẹ̀ ẹ́? Kí lo fẹ́ wí fún un, pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é? Ọkùnrin ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ibo ló ti rí kọ̀ǹpútà tó ń gbè sẹ́yìn Àbúdù rí? Mo ti bẹ̀ ẹ́ fúnra mi. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, kí n wá ki bàbá òun bí mo ṣe máa ń kì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á sọ fún gbogbo ayé pé Àbúdù ti rà mí. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló máa pè mí mọ́?

Ẹ̀n, ṣàlàyé, mò ń gbọ́. O ní àmì yẹn kò sí nínú orin fúnra rẹ̀. O ní inú ìwé kan tí ètò àtijọ́ ń kọ nǹkan sí ló wà, ètò tuntun kò sì lè ka ìwé yẹn. Ó yé mi wàyí. Èmi tí mo darúgbó kí n tó mọ̀wéé kà, mo lè kà á, ètò tuntun tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, púrúǹtù ni. Kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí mi, n ó fún un ní páálí àwo.

Dákẹ́, má rán mi létí. Mo mọ̀ pé o bi mí. O ní, "Bàbá, ṣé ẹ kọ ọ́ sínú ìwé níbòmíràn kí n tó pa èyí rẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ ọ́, n kò ní sẹ́. Susannah, má fọwọ́ bo ẹnu, mo rí ọ. Ìwé wà lóòótọ́ nígbà kan, méje ni wọ́n, láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọ. Mo sun wọ́n. Ọjọ́ tí mo kọ èyí tó kẹ́yìn sínú kọ̀ǹpútà ni mo kó wọn sẹ́yìn ilé, mo ṣáná sí wọn. B mi ń kọjú sẹ́yìn níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ń wọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ìwé lọ, n kò fẹ́ kí àwọn ọmọ mi rí i lẹ́yìn ikú mi kí wọ́n ní báyìí ni bàbá àwọn ṣe ń kọ̀wé. Ìwọ wá jókòó ní pálọ̀ mi, o ń bi mí lójú ìyàwó mi bóyá mo ní ìwé. Kí ni kí n wí? Kí n ní mo sun ún? Ìwọ ló yẹ kí o ní kí n gbé e wá kí o fojú rí i. Ẹni tó bá mọṣẹ́ rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu arúgbó gbọ́. Torí náà, ẹ̀bi rẹ ṣì ni.

Má dọ̀bálẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀bálẹ̀ ni mo wá gbà. Kọ̀ǹpútà náà wà nínú báàgì yìí. Susannah, bá wa wá ìwé, èyí tó nípọn dáadáa, àti bírò. Bí iná bá lọ, ọkọ rẹ á tan jẹnẹrétọ̀. Gbogbo orin wọ̀nyí la máa gbọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní gbogbo Sátidé, títí wọn á fi tán. Èmi ni n ó máa kọ ọ́ sínú ìwé, kí b mi kọjú síbi tó bá fẹ́. Ìwọ lo máa tẹ̀ ẹ́ sínú ètò rẹ, ìwọ lo máa fi àmì sí i. Èyíkéyìí tí mo bá kú kí á tó dé orí rẹ̀, ìwọ àti Mùnírátù lẹ ó jọ parí ẹ̀.

Ti Sàlàkọ́ la máa fi bẹ̀rẹ̀. Òun nìyẹn, ìkẹta láti òkè. Tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀n-hẹ́n, o gbọ́ ọ, Àbúdù nìyẹn. Rárá, yọwọ́ ńbẹ̀, má sáré fò ó. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló kù kí wọ́n tó kan bàbá Sàlàkọ́ tiwa. Fẹ̀yìn ti àga.