Páálí Tí Kò Lórúkọ

Ẹ jókòó ná, Àǹtí, ẹ jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn, mo ti nù ún, kò sí eruku kankan lára rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró, bí ẹ bá sì ní orí ìdúró lẹ ti máa gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ yóò ro yín, ẹ ó tún ní èmi ni mo fà á! Àní kí ẹ jókòó. Ẹ̀hẹn. Ẹ ṣeun.

Mo rí páálí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi pamọ́ sẹ́yìn, mo tètè fi ilé ìwé sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ríran, mo lè kà á. “Kíkun yàrá kẹsàn-án, Kunlékunlé, ọjọ́ mẹ́ta.” Ẹ ti yọ ọ́ lára bọ́ọ̀dù. Ẹ fẹ́ gbé yàrá mẹ́rin tó kù fún kunlékunlé mìíràn, àbí irọ́ ni mo pa? Mo ti gbọ́. Oníná ló sọ fún mi láti ojú fèrèsé, kò tilẹ̀ wọlé, ó kàn yọ orí, ó ní “Ìjàngbọ̀n, wọ́n ti yọ ẹ́ o,” ló bá bá tirẹ̀ lọ, páálí tirẹ̀ ń dúró dè é. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará! Wọ́n yọ èèyàn níṣẹ́, ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń túfọ̀ rẹ̀ fún un!

Rárá, mi ò sọ pé páálí yín kò dáa. Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀? Mo wà níbí kí ẹ tó dé. Mo rí bí a ṣe ń ṣe é nígbà náà. Màá kun ògiri tán, yóò máa dán gbinrin, púlọ́mbà á dé, á ní òun gbàgbé páìpù kan, á sì fi òòlù dá ihò sí i lójú mi kòrókòró. Onítáìlì á tẹ́ ilẹ̀ tán, káfíńtà á gbé àkàbà lé e. Oṣù mẹ́jọ, ilé kan ṣoṣo, bí ẹni ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi. Ẹ wá dé, ẹ di ọ̀gá wa, ẹ gé páálí tí wọ́n fi kó táìlì wá sí wẹ́wẹ́, ẹ fi ìṣó kọ́ wọn sára bọ́ọ̀dù, ẹ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé “à ń kọ́lé” mọ́, pé ilé kì í ṣe iṣẹ́ kan. Ẹ fọ́ ilé sí yàrá méjìlá, ẹ fọ́ yàrá sí páìpù, wáyà, rírẹ́ ògiri, àjà, táìlì, ilẹ̀kùn, ọ̀dà. Ọ̀dà gan-an, tí mo rò pé kò ṣeé fọ́, ẹ tún fọ́ ọ: híhọ ògiri, dídí ojú sísán, ọ̀dà àkọ́kọ́, dídúró kó gbẹ, ọ̀dà kejì. Iṣẹ́ kan, páálí kan, iye ọjọ́ rẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín, àti iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Bó bá parí, ká yí i padà. Bí kò bá parí, ká má fọwọ́ kàn án, ẹ ní “ó kù díẹ̀” kì í ṣe ọ̀rọ̀ lára bọ́ọ̀dù yín. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà a ti dé yàrá kẹjọ! Mo kí yín, Àǹtí Páálí... Háà! Ẹ má bínú, ó já bọ́ lẹ́nu mi ni. Gbogbo wọn ló ń pè yín bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dáa, èmi ni.

Ṣùgbọ́n ṣé iṣẹ́ nìkan lẹ fọ́? Ẹ fọ́ àwa náà o! Nígbà tí nǹkan bàjẹ́ yẹn, gbogbo wa la jọ ń bà á jẹ́. Yàrá kan, èèyàn márùn-ún. Bí mo bá so okùn bàtà káfíńtà méjèèjì pọ̀, mo wà níbẹ̀ nígbà tó bá ṣubú. Bí púlọ́mbà bá ń wá òòlù rẹ̀ tó wà nínú ìkòkò ọ̀dà mi, mo wà níbẹ̀, mo ń bá a wá a, mo ń káàánú rẹ̀! Bàbá Onítáìlì á wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú fóòmù tó so mọ́ orúnkún rẹ̀, á máa fi ohùn burúkú rẹ̀ kọrin, á ní “ọmọ yìí, eré rẹ yóò pa ẹ́ lọ́jọ́ kan,” á sì máa rẹ́rìn-ín sínú táìlì. Ní báyìí ńkọ́? Onítáìlì á ṣe tirẹ̀, á lọ. Káfíńtà á gbé ilẹ̀kùn kọ́, á lọ. Ta ló kẹ́yìn? Kunlékunlé! Ìgbà tí gbogbo ayé bá ti lọ tán ni wọ́n ń sọ pé ó kàn mí, màá wá ti ilẹ̀kùn kí eruku má baà wọlé, màá máa kí ara mi káàárọ̀, ògiri á máa dá mi lóhùn.

Ẹ wo ògiri yìí. Ó mọ́, àbí? Abẹ́ rẹ̀ kò mọ́ o. Kí n tó kùn ún, mo fi pẹ́ńsùlù ya gbogbo yín síbẹ̀. Oníná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ya etí fún un bí abẹ̀bẹ̀. Bàbá Onítáìlì wà nísàlẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, mo ya irùngbọ̀n fún yín. Mo bá yín sọ̀rọ̀ títí tí mo fi kun dé ọ̀dọ̀ yín. Mo wá kùn yín mọ́lẹ̀. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Páálí sọ pé ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ fẹ́ dìde ni? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì dé ibi tó dùn mí.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo yọ páálí yàrá kọkànlá. Ta ló sọ fún yín? Ṣebí èmi fúnra mi ni! Ká ní mo dákẹ́, ta ni ì bá mọ̀? Páálí tí mo yọ kò lórúkọ. “Dídúró kí táìlì mú, ọjọ́ méjì.” Níbi tí ẹ ti ń kọ orúkọ, ẹ fa ìlà sí i. Mo ní kò lẹ́ni tó ni ín, kò lẹ́ni tí yóò wá a, ni mo bá kì í bọ àpò. Nígbà tí kò sí níbẹ̀ mọ́, káfíńtà wò ó pé páálí táìlì ti yí padà, òun ló kàn. Oníná wò ó, òun náà ló kàn. Bàbá Onítáìlì fẹ́ dí ojú táìlì rẹ̀, èmi náà gbé irin tí mo fi ń họ ògiri. Láàárọ̀ Ọjọ́rú tó kọjá, gbogbo wa bára wa lẹ́nu ilẹ̀kùn! Ẹ̀yin kò sí níbẹ̀, ẹ̀ bá rí i. “Kí lo wá ṣe níbí?” “Ìwọ ńkọ́?” Mo fara pamọ́ sẹ́yìn àkàbà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Yàrá kejìlá nìkan ló kù fún Bàbá Onítáìlì, Àǹtí, bó bá yí páálí yẹn padà, ó ń lọ síbi iṣẹ́ mìíràn nìyẹn. Ọjọ́ kan ni mo fẹ́. Ọjọ́ kan péré nínú yàrá kan náà.

Ni káfíńtà bá gbé àkàbà dúró.

Táìlì mọ́kànlá. Mo gbọ́ wọn, wọ́n ń rì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé baba yẹn kò bú mi? Ká ní ó bú mi! Ká ní ó ju nǹkan lù mí! Ó kàn tún fóòmù so mọ́ orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn. Mo jókòó tì í, mo ń ha sìmẹ́ńtì kúrò lẹ́yìn wọn títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kí n sọ òótọ́ fún yín? Kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí mo bá parọ́, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sán yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ó kọrin.

Mo jẹ̀bi. Mo ti sọ ọ́. Ẹ bá mi wí, ẹ ní kí n ha ògiri méjìlá láìfún mi ní àkàbà, ẹ má yọ mí. Ṣùgbọ́n ẹ dáhùn ìbéèrè kan fún mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ fọ́: ta ló ni ìdúró? Gbogbo iṣẹ́ lẹ fún lórúkọ, “dídúró kó gbẹ” nìkan ni ẹ fa ìlà sí, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló ń dúró. Èmi ni mo ń dúró o! Èmi ni mo ń jókòó síbí, tí mò ń wo ògiri, tí mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti òdìkejì ilé. Iṣẹ́ ni! Òun ló le jù lára bọ́ọ̀dù yín! Ẹ dá páálí mi padà sára ìṣó, kí ẹ sì kọ orúkọ sórí ti ìdúró. Orúkọ ẹni méjì. Ẹ kọ tèmi, ẹ kọ ti ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ ó rò ó? Ó dáa, ẹ máa rò ó. Ẹ lọ rọra rò ó... Àǹtí, ẹ má dìde! Mo ní ẹ má fi ipá dìde, ṣòkòtò yín á ya!

Ọ̀dà ni. Èyí tí kò láwọ̀, tí a fi ń kun ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé mo sọ pé mo nù ún. Mo nù ún kí n tó kùn ún! Rárá, ẹ gbọ́, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo kùn ún dè, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ni. Àárọ̀ Ajé ni mo kọ́kọ́ kùn ún. Kò sẹ́ni tó wá, ó gbẹ. Mo tún un kùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbẹ. Láàárọ̀ yìí mo tún un kùn. Ọjọ́ mẹ́ta, Àǹtí, mo dẹ pàkúté, mi ò rí ẹyọ èèyàn kan mú.

Ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ n wá kẹrosíìnì. Àbí... ẹ ń rẹ́rìn-ín ni? Irọ́! Ẹ gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ejìká yín ń mì! Ó ń rẹ́rìn-ín! Bàbá Onítáìlì o! Káfíńtà! Ẹ sáré wá, gbogbo yín, ẹ wá wo ẹni tó lẹ̀ mọ́ bẹ́ńṣì!