Èmi Ni Mo Ní Kí Clotaire Mú Jákẹ́ẹ̀tì Ológun Wá

Ẹ̀yin ará Morne Rézil, ẹ jókòó, kí ẹnikẹ́ni má tíì lọ. Fadá ti gbọ́ tirẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n Fadá kọ́ ni mo ṣẹ̀. Dókítà ti sọ òótọ́ fún mi nípa ẹ̀dọ̀ mi, ó wá ku kí èmi náà sọ òótọ́ tèmi. Màmá Eudora, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ ibi bẹ́ẹ̀dì yìí, torí ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni. Ojú ti ń tì yín nílùú yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ní Clotaire kú ikú olè, pé ó wà lára àwọn adigunjalè orí òkè. N kò fẹ́ kú kí ẹ tó mọ̀ pé ọmọ yín kò jalè rí. Èmi ni mo pa á.

Gbogbo yín mọ iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun. Takisí ni mò ń wà ní èbúté Roseau, tí mo sì ń sọ fún àwọn àlejò ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó wọ̀lú. Mo mọ̀ ọ́n ju àdúrà mi lọ: ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì fẹ́ẹ́ tán, tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa fi padà, ilé tí wọ́n máa dé sí, ẹ má kó èso wá, ẹ má kó ẹran tútù wá, apá òsì ọ̀nà la ti ń wakọ̀. Èyí tí mo máa ń fi kádìí rẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má wọ aṣọ tó ní àwọ̀ bíi ti ológun, ìbáà ṣe fìlà ọmọ ọwọ́, torí òfin wa ò gbà á lára ẹni tí kì í ṣe sójà. Àwọn àlejò á máa rẹ́rìn-ín. Èmi kì í rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tí Clotaire kú, irú aṣọ yẹn gan-an làwọn adigunjalè ń wọ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, wọ́n sì ti dúńbú àgbẹ̀ kan nínú oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ní Ravine Sèk. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ gba abúlé yẹn kọjá, ó fẹ́ kú ni.

Kékeré ni Clotaire ti lọ sí Kánádà, kí òfin yẹn tó dé. Ó tẹ̀ mí láago, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Norvan, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, mo ń bọ̀ wá gbé Verlina níyàwó o! Ìwọ lo mọ tinú-tòde èbúté, kí ni kí n kó wá, kí ni kí n fi sílẹ̀?" Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi takisí mi gbé Verlina kiri lọ́fẹ̀ẹ́, tí mo ti ń rò ó sí ìyàwó mi, tí mi ò lè la ẹnu sọ ọ́. Síbẹ̀ mo sọ gbogbo ohun tó yẹ fún un, mi ò fo ọ̀kan. Ó wá ní, "Jákẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń ṣọdẹ ńkọ́? Ó rí tótòtó bíi ti sójà, àmọ́ ó móoru, òtútù òkè yẹn ò sì bá mi lára mu." Mo ní, "Mú un wá jàre, kò sí wàhálà níbẹ̀." Ohun tí mo fẹ́ nígbà yẹn ni kí àwọn aṣọ́bodè mú un, kí wọ́n tì í mọ́lé, kí Verlina gbọ́, kó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìlara burúkú! Mo sì tún ń pe ara mi lọ́rẹ̀ẹ́.

Àwọn aṣọ́bodè ṣí báàgì rẹ̀, wọ́n gba èso ápù kan tó gbàgbé sókè, wọn ò wo ìsàlẹ̀. Ó jáde, ó dì mọ́ mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi nílẹ̀. Nígbà tá a gòkè, òjò bẹ̀rẹ̀, ó sì fa jákẹ́ẹ̀tì náà yọ. "Báwo ni mo ṣe rí? Ẹ̀rù ò ní ba Verlina báyìí?" Mo ní, "Á bà á." Ẹ gbọ́ ẹnu mi! Mo ṣì lè sọ pé kó bọ́ ọ nígbà yẹn, a ò tíì dé Ravine Sèk. Ní ìyànà tó ṣáájú abúlé, mo dúró, mo ní ẹ́ńjìnnì ti gbóná, kó bá mi tọrọ omi nílé tó wà níwájú. Ó mú ike, ó ń súfèé lọ. Èmi gba àárín oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sáré ṣíwájú rẹ̀, mo figbe ta: "Wọ́n ti dé o! Ọ̀kan nínú wọn ń bọ̀ lójú títì!"

Tàdá-tàdá làwọn ọkùnrin tú síta. Clotaire rò pé wọ́n wá pàdé òun ni, ó sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí òkúta àkọ́kọ́ bà á lẹ́nu, tí eyín rẹ̀ dà sílẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè, àdá ya ọwọ́ náà títí dé egungun. Ó ń ké pé, "Ọmọ Morne Rézil ni mí! Ọmọ Eudora!" Opó àgbẹ̀ yẹn fi igi fọ́ ọ lórúnkún, ó ní, "Ọkọ tèmi náà bẹ̀ yín, ṣé ẹ gbọ́ ni? Apààyàn!" Níbi tó kúnlẹ̀ sí nínú ẹ̀jẹ̀ ló ti rí mi. "Norvan! Norvan, sọ fún wọn!" Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ẹnì kan bi mí pé, "O mọ̀ ọ́n ni?" ó sì rẹ àdá rẹ̀ sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré, ẹ̀yin èèyàn mi, ì bá gba ọmọ yìí là. Mo ní, "Mi ò rí i rí láyé mi." Clotaire ò tún pariwo mọ́. Ó kàn ń wò mí ṣáá. Mi ò lè fara da ojú yẹn, mo gba àdá lọ́wọ́ ẹni yẹn, mo sì ṣá a lọ́rùn, mo tún un ṣá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí mi lẹ́nu, ó gbóná.

Mo dáná sun ìwé ìrìnnà rẹ̀ àti báàgì rẹ̀. Mo wá sọ́dọ̀ yín, Màmá, mo ní mo dúró títí ní èbúté, mi ò rí i kó sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tẹ́ ẹ wá dá òkú rẹ̀ mọ̀, mo ní ó ti pẹ́ jù lókè òkun kí n tó lè dá a mọ̀ lójú títì. Irọ́ yẹn ló jẹ́ kí gbogbo ayé gbà pé kọ́lọ́fín kan létí òkun ló gbà wọlé, pé òun àtàwọn olè jọ ń ṣe é. Ẹ̀yìn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sin ín sí, wọn ò lu aago. Verlina sunkún lé mi léjìká, lẹ́yìn náà ó fẹ́ mi, ó sì kú láìmọ ẹni tó fẹ́. Ẹ̀yin ará Ravine Sèk tẹ́ ẹ wà níbí, mo fi ọwọ́ yín ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀ ni. Ẹ má ṣe pè é ní olè mọ́. Ẹ hú u, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ẹ lu aago kí gbogbo òkè gbọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa jogún iṣẹ́ èbúté, tí àlejò bá bi yín léèrè ọ̀nà, ẹ sọ ọ́ fún un tán, ìbáà jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ kórìíra jù.

Màmá Eudora, láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀ lẹ ti ń gbé ọbẹ̀ kalalú wá, tẹ́ ẹ̀ ń fi ṣíbí bọ́ mi. Ní àárọ̀ yìí ẹ ní, "Gbé e mì, ọmọ mi, ìwọ nìkan ló kù tí mo fi ń rántí Clotaire." Mo gbé e mì. Mi ò ní lè bẹ̀ yín kẹ́ ẹ dárí jì mí, ẹnu mi ò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ gba orúkọ tẹ́ ẹ pè mí yẹn padà, Màmá. Clotaire ni ọmọ yín.